Fìlà fún Orí Kékeré

Onídìrí ni mí, Mushin ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ọwọ́ mi sì le. Àwọn oníbàárà a máa ráhùn pé orí máa ń fọ́ àwọn bí mo bá dirun fún wọn tán. Èsì mi kì í yí padà: ẹni tó bá fẹ́ kí irun òun pẹ́ lórí, kó fara dà á. Mo gbà pé kò sí iṣẹ́ ọwọ́ tó lè pá mi láyà.

Àwa obìnrin méjì péré ni ìyá wa bí. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló mú kí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbé ọmọ àbúrò mi jáde ní ọsibítù kan ní Ìdí-Àràbà, nígbà tí oṣù rẹ̀ kò tíì pé. Inú àpótí onígíláàsì tó ń mú ọmọ móoru ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Wọ́n fi báńdéèjì wé e lórí nítorí òtútù, torí gbogbo fìlà tí a rà ní ọjà Yaba ló bò ó lójú dé àgbọ̀n. Ìyá rẹ̀ wà ní wọ́ọ̀dù mìíràn, kò lè dìde. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n fi kẹ̀kẹ́ tì í lọ wò ó láti ẹ̀yìn gíláàsì.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi abẹ́rẹ́ kroṣé so irun, ẹ bá mi hun fìlà kékeré kan fún un. Mi ò lè gbé e, mi ò lè fún un lọ́yàn. Kí nǹkan kan tó jẹ́ tiwa ṣáà wà lára ẹ̀."

"Kí ló le níbẹ̀?" ni mo dá a lóhùn. Ẹnu mi yá ju ọwọ́ mi lọ.

Mo kó abẹ́rẹ́ ìsorun mi àti wúùlù dúdú tí a fi ń dirun, ó di ọsibítù. Lórí bẹ́ǹṣì tí àwọn ẹbí ti ń dúró, mo bá ìyá àgbà kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń hun kroṣé; ọmọ ọmọ tirẹ̀ náà wà nínú gíláàsì. Mo jókòó tì í bí ẹlẹgbẹ́, mo kó irinṣẹ́ mi jáde. Màmá wò ó, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú.

"Ìwọ ọmọ yìí, irun lo fẹ́ dì fún un ni?"

Ó ní wúùlù yẹn á máa ha ọmọ lára, àti pé abẹ́rẹ́ tèmi, tó ní ètè tó ń ṣí tó ń padé, á kàn máa gé òwú jẹ ni. Ó yọ abẹ́rẹ́ mìíràn fún mi nínú àpò rẹ̀, pẹ̀lú òwú rírọ̀ aláwọ̀ ìyeyè.

"Ta kókó tó lè sún. Ki abẹ́rẹ́ bọ inú ẹ̀. Gbé òwú lé abẹ́rẹ́, fà á gba inú kókó jáde. Ojú kan nìyẹn. Tún un ṣe."

Mo tún un ṣe. Tèmi rí bí okùn tí wọ́n fi ń so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀. Nígbà tó yẹ kí n padà gba inú àwọn ojú náà láti bẹ̀rẹ̀ ìlà kejì, abẹ́rẹ́ kò ríbi wọlé. Mo fi agbára tì í, ó gún mi níka.

"Tú u," ni màmá wí.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n máa fi bẹ́ẹ̀ ṣe é."

"Tú u. Òwú ò ní sá lọ, má fún un lọ́rùn."

Inú bí mi. Èmi ni mo máa ń sọ "tú u" fún àwọn ọmọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n mo tú u, mo sì tún tú u, títí òwú náà fi ń hu irun lára. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Gbogbo ìgbà tí nọ́ọ̀sì bá ṣílẹ̀kùn, ọwọ́ mi á fúnra rẹ̀ fa òwú le.

Màmá rí i. Ó ní kí n máa bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ bí mo ṣe ń hun ún. Ojú tì mí díẹ̀, àmọ́ mo bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ìyá rẹ̀ fún un: bó ṣe máa ń kọ́kọ́ jẹ ẹran kó tó kan ìrẹsì, bó ṣe máa ń sunkún kí wọ́n tó nà án rárá. Ọwọ́ mi dẹ̀. Abẹ́rẹ́ wọlé, ó jáde, láìjà. Mo sáré mú ohun tí mo hun lọ sí ibùsùn àbúrò mi, ó sì gbé e lé àyà.

Nígbà tí wọ́n dá ọmọ ọmọ màmá sílẹ̀, ó fi abẹ́rẹ́ náà ta mí lọ́rẹ, ó ṣàdúrà fún wa, ó lọ. Ó ku etí fìlà nìkan. Òun ni mo ń hun ní àárọ̀ ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì jáde wá, tó pe ẹbí ọmọ, tí kò pe ìyá ọmọ. Mo ti mọ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Ọmọ wa ti lọ.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ àbúrò mi dé. Ó ní òkú ọ̀fọ̀ ni, òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ, èmi àti òun la máa lọ sin ín. Mo padà sórí bẹ́ǹṣì, mo mú abẹ́rẹ́.

"Àǹtí, ta lẹ tún ń hun fìlà fún?"

"Ẹ dúró dè mí, sà."

N kò gbójú sókè títí mo fi so ìdí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì bá mi tú báńdéèjì, mo sì fi ọwọ́ ara mi dé fìlà náà fún un. Ó gbà á rẹ́gí. Mo sunkún níbẹ̀ bí ẹni tí kò ní dákẹ́ mọ́.

Nígbà tí a mú àbúrò mi dé ilé rẹ̀ ní Sùúrùlérè, àwọn èèyàn ń wọlé, wọ́n ń wí pé omi ló dà nù, agbè ò fọ́. Òótọ́ ni, àdúrà sì ni, ṣùgbọ́n ó ń ṣe mí bíi kí n lé gbogbo wọn jáde. A ti ń fi orúkọ pe omi yẹn.

Ìgbà tí wọ́n lọ tán ni àbúrò mi pè mí. Mo rò pé ibi tí a sin ọmọ sí ló fẹ́ bèèrè, mo sì ti wá irọ́ tí màá pa.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rí orí ẹ̀. Ṣé irun wà níbẹ̀?"

"Ó wà."

"Ó pọ̀?"

Mo ní ó pọ̀, ó dúdú, ó rọ̀, ó sùn sílẹ̀ lọ sí ìpàkọ́, àti pé ó ká díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí òsì. Ó di ojú rẹ̀. Ó ní kí n tún un sọ, kí n rọra máa sọ ọ́.