Ilẹ̀ Tí Nne Bá Mi Tọ́jú

Òórùn pòròpórò àgbàdo tó ń jóná ni mo fi ń rántí Umunya, ìlú tí kò jìnnà sí Onitsha, níbi tí ọkọ mi ti ń ta aṣọ. Òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà, ìyàwó tuntun sì ni mí. Opó tó ni ilé tí a ń gbé ló bù mí ní ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko tiwọn ní Umunya. Nne ni mo ń pè wọ́n, bí àwọn Ìgbò ṣe ń pe ìyá. Àwọn náà a máa pè mí ní "nwa m", ọmọ mi.

Oko Nne a máa rí wúruwùru. Bí wọ́n bá kórè tán, wọ́n á tẹ́ pòròpórò àti ewé ẹ̀pà sórí ilẹ̀ kó jẹrà síbẹ̀. Èmi fẹ́ oko tó mọ́ ní tèmi. Mo máa ń kó gbogbo rẹ̀ jọ sun, ọkọ mi á sì ra ajílẹ̀ òyìnbó, èyí tó funfun bí iyọ̀, tí mo ń wọ́n sí ìdí àgbàdo. Lọ́dún kìíní, àgbàdo mi ga ju ti Nne lọ fíìfíì. Ọ̀rẹ́ mi, mo yangàn! Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di ọdún kẹrin, ilẹ̀ náà ti ṣá. Ó le gbagidi, omi òjò kì í wọ inú rẹ̀ mọ́, àgbàrá ló ń gbá ajílẹ̀ mi lọ. Bí mo bá gbẹ́ ẹ, n kì í rí ekòló kan ṣoṣo.

Nne bu erùpẹ̀ náà sọ́wọ́, wọ́n ní, "Nwa m, iyọ̀ lò ń fún un. O ò fún un lóúnjẹ."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Kí n tó gbọ́n, ìlú ti dàrú. A sá padà sí Òṣogbo, ìlú wa, ogun abẹ́lé sì bẹ́.

Nígbà tí ogun parí, ọkọ mi lọ wo ohun tó kù nínú ìsọ̀ rẹ̀, èmi gba Umunya lọ. Ẹ̀rù ń bà mí. Kí ni n ó sọ fún ẹni tí ebi ń pa ní gbogbo ìgbà tí èmi ń jẹun? Mo bá Nne, wọ́n ti rù kan egungun. Ọmọkùnrin wọn kan ṣoṣo kò ti ojú ogun bọ̀. Ẹkún ni mo fi kí wọn.

Wọ́n fà mí lọ́wọ́ lọ sí oko. Ilẹ̀ mi ti dúdú, ó rọ̀, ẹ̀gẹ́ tutù yọ̀yọ̀ lórí rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ọ̀nà oko bá ti ṣeé rìn ni wọ́n ń tẹ́ ewé àti pòròpórò sí i.

"Òun ló bọ́ àwọn ọmọ-ọmọ mi," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n tìrẹ ni. Gbà á."

"Nne, kí ló dé tí ẹ fi ń tọ́jú ilẹ̀ ẹni tó sá lọ?"

Wọ́n ní, "Ṣé ilẹ̀ ló jagun ni?"

Ọkọ mi tún ṣí ìsọ̀ rẹ̀, èmi àti Nne sì jọ ro ilẹ̀ náà títí ọlọ́jọ́ fi dé bá wọn. Mo tún ra ajílẹ̀ díẹ̀, wọ́n sì gbà kí n wọ́n ọn, bí mo bá ti kọ́kọ́ tẹ́ pòròpórò. Ìkórè oko wa méjèèjì pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Bí àwọn ẹgbẹ́ wa bá ń sọ̀rọ̀ ogun yẹn lónìí, kálukú a máa ka ohun tó pàdánù. Ẹnu mi kì í gbà á láti ka tèmi, torí mo mọ ìyá kan tó sin ọ̀fọ̀ ọmọ rẹ̀ sínú ara, tó sì ń jí lọ tọ́jú oko ọmọ ọlọ́mọ.