Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Ẹ̀yìn Balùwẹ̀ Ìyá Mi

Ẹ̀yìn balùwẹ̀ ilé wa ní Ọ̀yọ́ ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ ìyá mi wà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ni, èyí tí a ń bó jẹ, kì í ṣe àgbagbà tí a ń fi dín dòdò. Ìyá mi ló gbìn ín síbẹ̀ kí omi ìwẹ̀ má baà ṣòfò. Gbogbo wa la ń bomi rin ín: ẹni tó bá ti wẹ̀, ó ti ṣiṣẹ́ oko. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí mo bá ní mi ò wẹ̀, ìyá mi kì í sọ pé mo dọ̀tí. Ohun tó máa ń sọ ni pé, "Ṣé o fẹ́ kí òùngbẹ gbẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi pa ni?"

Lọ́jọ́ tí a sin ìyá mi, àwọn tó wá kí wa kò rí ọ̀rọ̀ mìíràn sọ. "Ẹ má sunkún mọ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í kú kó má fi ọmọ rọ́pò." Ẹni yìí sọ ọ́ tán, ẹni tọ̀hún gbà á lẹ́nu rẹ̀. Alfa wàásù, òun náà fi kún un. Èmi àkọ́bí ń ṣe "Àmín, àmín," ojú mi sì ń yọ́ lọ sí ẹ̀yìn balùwẹ̀. Mo rí ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà tó dúró gbọin, tí àwọn ọmọ rẹ̀ yí i ká lẹ́sẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀. Mo ní kò burú, ẹ̀rí wà.

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn kí ẹ tó fi mí rẹ́rìn-ín.

Télọ̀ ni mí. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ẹ̀rọ ìránṣọ ló sì gbà mí lọ́wọ́ ìyókù. Ọmọbìnrin àbúrò mi ló kàwé nínú ilé wa. Yunifásítì ló wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló sì ń ṣèwádìí lé lórí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́, mo bi bàbá rẹ̀ pé, "Kí ló wà nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń kọ́? Ṣebí wọ́n á bó o, wọ́n á jẹ ẹ́ ni." Àbúrò mi ní òun náà ò mọ̀, pé òun ṣáà ń ṣàdúà fún un.

Ọmọ náà wá kí mi lẹ́yìn ọdún Iléyá. Mo gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún un, mo sì bá a jẹ nínú rẹ̀, mo ní oògùn mi ni mò ń lò yẹn. Òótọ́ ni. Nọ́ọ̀sì tó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru mi ti sọ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dára fún irú wa. Ó tún sọ pé kí n máa lo oògùn òyìnbó tí wọ́n kọ fún mi. Ìdajì àkọ́kọ́ ni mo gbọ́.

Ọmọ náà ní, "Bàbá, nọ́ọ̀sì ò purọ́. Pòtásíọ̀mù wà nínú rẹ̀, ó máa ń bá iyọ̀ jà nínú ara. Ṣùgbọ́n olùrànlọ́wọ́ ni, kì í ṣe ọ̀gá. Ẹlòmíì tí kíndìnrín rẹ̀ ò dáa, dókítà á ní kó má jẹ ẹ́ púpọ̀. Oògùn yín gan-an ńkọ́?"

"Ó wà."

"Níbo?"

"Nínú agolo bọ́tìnnì."

Mo yí ọ̀rọ̀ padà kíá, mo ní kó sọ ohun tó ń kọ́ fún mi. Àṣìṣe ni mo ṣe.

"Ṣé ẹ mọ̀ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í ṣe ti wa, Bàbá?"

"Ti ta ni?"

"Ilẹ̀ Éṣíà ló ti ṣẹ̀, lọ́nà jíjìn. Ti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, kóró ló kún inú rẹ̀, ó le bí òkúta wẹ́wẹ́. Àwọn ará àtijọ́ ló ń ṣa èyí tí kò ní kóró, tí wọ́n ń wú ọmọ rẹ̀ gbìn káàkiri, títí tó fi dé ọ̀dọ̀ wa."

"Éṣíà báwo? Ìyá mi ló gbìn ín!"

"Ta ló fún Màmá?"

Mi ò bi ìyá mi léèrè rí.

Ó ní, "Nítorí pé kò ní kóró, kì í bímọ bí àwa ṣe ń bímọ. Ara rẹ̀ ló ń yọ. Ìyá àti ọmọ, ẹnì kan náà ni wọ́n. Ìdí nìyẹn tó jẹ́ pé ohun tó bá pa ọ̀kan lè pa gbogbo wọn."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn. Mo ní kó dìde kí n fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kì í kú hàn án. A dé ẹ̀yìn balùwẹ̀. Mo na ọwọ́ sí i bí ẹni ń fi ọba han àlejò. Ewé ni ọmọ náà ń yẹ̀ wò. Lóòótọ́, ewé rẹ̀ kò gbòòrò mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Àwọn tuntun kéré, wọ́n le, wọ́n kó jọ sókè bí ìdí ìgbálẹ̀, etí wọn sì ń pọ́n. Kò so mọ́ láti ìgbà díẹ̀, ọjà ni mo ti ń ra èyí tí mò ń jẹ. Ọjọ́ ogbó ni mo pè é. Mo ní èmi náà ò so mọ́.

Ọmọ náà gé ewé kan, ó dì í sínú ọ̀rá. Lẹ́yìn náà ló wá fọ ọ̀bẹ, ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Fífọ̀ yẹn ló kọ́kọ́ já mi láyà. Mo ti rí àwọn tó wẹ òkú tí wọn ò fọwọ́ tó báyẹn.

"Ṣé ó máa kú ni?"

"Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò ná, Bàbá."

Ìgbà tó máa pè mí, ó ní àrùn kan tí kò ní oògùn ni. Kòkòrò tíntìntín kan ló ń gbé e láti orí igi kan sí òmíràn. Ó ní òun ń bọ̀ wá fín oògùn sí i kí àwọn kòkòrò náà kú, lẹ́yìn ìyẹn ni a ó wú gbogbo rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì mú ọmọ rẹ̀ lọ síbì kan.

"Ọmọ rẹ̀ ńkọ́?"

"A máa wú u."

"Gbogbo ọmọ?"

"Bàbá, ẹnì kan náà ni gbogbo wọn."

Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ dé. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ fẹ́ kú, kò sì ní í fi ọmọ rọ́pò. Àdúà tí gbogbo Ọ̀yọ́ ṣe fún mi, tí mo ṣe àmín sí, gbòǹgbò rẹ̀ ti ń jẹrà. Oníbàárà kan gbé aṣọ funfun wá, ó ní kí n bá òun rán an. Mo wo aṣọ náà, mo ní kó lọ mú aláwọ̀ wá. Mi ò wọ balùwẹ̀ wa mọ́; ilé aládùúgbò ni mò ń lọ wẹ̀, kí kòkòrò náà má baà mọ̀ mí lójú. Mo tún tú agolo bọ́tìnnì, mo wá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi jáde, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó bí ọmọ gidi.

Ìyàwó mi fara dà á títí, ó sú u. Ó ní, "Bàbá Àwọn Ọmọ, àrùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n pè é. Ṣé ẹ̀yin lọ̀gẹ̀dẹ̀ ni?"

Mo ní, "Ohun tí wọ́n sọ lọ́jọ́ ìsìnkú nìyẹn!"

Ẹ̀rín pa á, ó jókòó sílẹ̀. Ìgbà tó rẹ́rìn-ín tán ló sọ̀rọ̀ tó gbà mí. Ó ní, "Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ ńkọ́? Ṣebí irú ọ̀gẹ̀dẹ̀ yìí wà nílé tiwọn. Màmá máa ń sọ pé ọ̀kan náà ni."

Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọ̀rẹ́ ìyá mi. Abọ́ ni ìyá mi ń tà ní Ọjà Akẹ̀sán. Ìyá yìí máa ń kó mángòrò wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀gbẹ́ abọ́ ìyá mi ló sì máa ń pàtẹ. Onítẹ̀bọmi ni. Bí ọdún wa bá dé, á wá jẹ ẹran. Bí Kérésì bá dé, ìyá mi á lọ jẹ ìrẹsì. Àdúà nìkan ni wọn kì í jọ ṣe.

Mo pe ọmọ àbúrò mi. Mo ní bí ti Ògbómọ̀ṣọ́ bá yè, ṣé a lè pè é ní ìbátan tiwa?

"Kì í ṣe ìbátan, Bàbá. Bó bá jẹ́ pé ọ̀kan ló yọ lára èkejì, òun gan-an ni."

Kó tó parí ọ̀rọ̀, mo ti dé fìlà.

Nítòsí Ọjà Igbó ni ilé ìyá náà wà. Ọmọ àbúrò mi ti ń dúró dè mí níbẹ̀. A bá ìyá arúgbó lórí àga níwájú ilé, mo dọ̀bálẹ̀.

"Ta nìyẹn?"

"Ọmọ Ìyá Alábọ́ ni, Mà. Ti Akẹ̀sán."

"Háà, ọmọ ọ̀rẹ́ mi! Dìde, dìde. O mà rù o! Ṣé ìyàwó ò fún ọ lóúnjẹ ni?"

"Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wa ló ń ṣàìsàn, Mà."

"Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń ṣàìsàn, ìwọ lò ń rù?"

A bọ́ sí ẹ̀yìn balùwẹ̀ tirẹ̀. Ẹ wo ewé! Ó gbòòrò bí ẹní, odidi òṣùṣù kan sì rọ̀ sílẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí n dọ̀bálẹ̀ fún òun náà. Ayọ̀ yẹn ló tú mi lẹ́nu. Mo ní, "Mà, ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ìyá mi ni mo wá gbà."

Ìyá dá ọ̀pá dúró. "Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ta?"

"Èyí tí ìyá mi fún yín."

"Ìyá rẹ fún mi? Èmi ni mo fún ìyá rẹ! Orí apẹ̀rẹ̀ mángòrò ni mo gbé e lé dé Akẹ̀sán. Abọ́ méjì tó ti ní ojú àpá ló fi dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Abọ́ ọ̀hún wà nínú ilé!"

Ọmọ àbúrò mi fi ìka gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ní, "Mo tọrọ gáfárà, Mà. Tiyín ni."

"Ó ti jẹ́ tèmi kí o tó tọrọ gáfárà."

Ọmọ onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ò jẹ́ kó tán síbẹ̀. "Màmá, níbo lẹ̀yin ti rí i?"

"Ọgbà àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì. Ọmọge ni mí nígbà náà, mò ń bá wọn fọṣọ. Kúùkù wọn ló wú u fún mi." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ojú rẹ̀ wà lára mi."

"Níbo ni kúùkù ti rí i?"

"Ó gbé e wá láti ilé bàbá rẹ̀."

"Níbo nilé bàbá rẹ̀?"

Ìyá wò mí, ó wo ilẹ̀, ó tún ìró rẹ̀ ró. "Ọ̀yọ́."

Mo kàn tún fìlà mi dé dáadáa.

Ọmọ náà ní, "Éṣíà ni o, ẹ̀yin àgbà."

Ìyá ní, "Àdúgbò wo nìyẹn ní Ọ̀yọ́?"

Ọmọ náà ní kò sí ohun tí a lè wú títí òun á fi yẹ ewé tibí náà wò; òmíràn lè ti kó àrùn kó má tíì hàn lójú. Ó bá gé díẹ̀, ó dì í. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé ìyá arúgbó ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó di ara ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà mú bí ẹni di èjìká ènìyàn mú.

Ó ní, "Bí eléyìí náà bá ní in ńkọ́? Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti lọ, bí mo bá jí, òun ni mo máa ń kí."

Mo fẹ́ fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀, àmọ́ ta ni yóò fi tèmi balẹ̀? A dúró síbẹ̀, Mùsùlùmí kan, Onítẹ̀bọmi kan, olúkúlùkù ń mi ètè. Ó jọ pé ọjọ́ yẹn la kọ́kọ́ jọ ṣe àdúà kan náà.

Mo padà sí Ọ̀yọ́, mò ń retí. Mo gé apá ẹ̀wù kan kúrú nítorí fóònù. Nígbà tó wá dún, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ bí a ṣe kọ́ ọ nílé.

"Ẹ káàsán, Bàbá. Ẹ kú iṣẹ́. Ṣé ará le? Àwọn ará ilé ńkọ́? Ṣé ẹ ti lo oògùn yín?"

Mo ní, "Ṣé ó ti kú?"

"Ta ló kú?"

"Ọ̀gẹ̀dẹ̀!"

"Áà! Kò ní nǹkan kan. Ara rẹ̀ dá ṣáṣá."

Mo ké "Alhamdulilahi" tó bẹ́ẹ̀ tí oníbàárà mi fi yọ ara lọ́wọ́ téèpù. Ìgbà yẹn ni mo tó jẹ́ kí ọmọ náà wá wú ti ẹ̀yìn balùwẹ̀ wa. Ó fín oògùn sí i, a wú u tìyá tọmọ, a gé e wẹ́wẹ́, a jẹ́ kó gbẹ síbẹ̀. Mo dúró tì í. Mi ò sunkún. Òógùn ló wọ̀ mí lójú.

Ọjọ́ tí mo lọ mú ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tuntun bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́, mo fi àgékù ànkárá wé e kí oòrùn má baà pa á, mo gbé e lé itan nínú mọ́tò. Obìnrin tó jókòó tì mí rí bí mo ṣe ń fi ọwọ́ gbé e lórí bí mọ́tò bá kó sí kòtò. Ó ní, "Ẹ kú ewu ọmọ o, Bàbá. Ọkùnrin ni àbí obìnrin?"

Mo ní, "Ìyá mi ni."

Ó sún mọ́ fèrèsé.

Ọmọ àbúrò mi ní a ò gbọdọ̀ gbìn ín sí ojú ibi ti àtijọ́, pé ìhà kejì ilé ni kó wà, kó jìnnà. Mo ní omi ìwẹ̀ kì í dé ibẹ̀. Ó ní kí n la gọ́tà. Mo la gọ́tà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn, ilẹ̀ a máa fa omi náà mu kó tó débẹ̀, garawa kan kì í tó o. Bí mo bá ti lo oògùn mi láàárọ̀, mo ti wọ balùwẹ̀ nìyẹn. Bí mo bá kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, mo tún wọ̀ ọ́. Bí oòrùn bá sì mú lọ́sàn-án, mo rò pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, mo tún lọ bọ́ṣọ. Ó ti la ewé, ewé náà sì gbòòrò.

Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó gbọ́ bí omi ṣe ń dà. Ó ní láti ìgbà tí òun ti fẹ́ mi, òun ò rí ọjọ́ tí mo mọ́ tó báyìí, kí Ọlọ́run bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́.