Èjí Iwájú Mọ́tò

Bí irọ́ bá wà nínú ìtàn yìí, kí bírò tí mo fi kọ ọ́ lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, kí n máa fi ṣe ṣíbí títí ọjọ́ ayé mi. Òótọ́ ni láti òkè délẹ̀. Mi ò bù mọ́ ọn, àfi ibi tí òótọ́ náà bá ti tín-ín-rín jù tí mo ràn án lọ́wọ́ díẹ̀.

Ọkùnrin kan wà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe mọ́tò. Kì í ṣe ẹni tó ń ro irin, kì í sì í ṣe ẹni tó ń kun ọ̀dà. Amọ̀ ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu: ní ilé iṣẹ́ wọn, kò sí mọ́tò kan tí kò kọ́kọ́ jẹ́ amọ̀. Bí ayàwòrán bá ti ya mọ́tò sórí ìwé tán, ọkùnrin yìí ni yóò kó amọ̀ lé orí pákó, tí yóò máa fi ọ̀bẹ fá a, tí yóò máa fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lára, títí mọ́tò náà yóò fi jókòó síwájú yín bó ṣe tóbi gan-an, tí yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ṣe yín bíi kí ẹ kí i. Alámọ̀ ni gbogbo ayé ń pè é. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dán débi pé eṣinṣin kan bà lé mọ́tò rẹ̀, ó yọ̀ ṣubú, ó sì dá lẹ́sẹ̀. Mo rí eṣinṣin náà.

Ìyàwó rẹ̀ ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń wakọ̀. Obìnrin gíga ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ọrùn rẹ̀ gùn, ó sì ní èjí láàárín eyín òkè. Bó bá fi èjí ọ̀hún rẹ́rìn-ín, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wakọ̀ lọ́wọ́ lè gbàgbé ibi tí bíréèkì wà. Eléjí ni ọkọ rẹ̀ ń pè é, nínú ilé àti níta.

Ní ọdún kan, Alága ilé iṣẹ́ ní kí wọ́n ṣe mọ́tò àfihàn, ìyẹn irú èyí tí wọ́n ń ṣe kí aráyé lè yanu wò ó, kí wọ́n tó wá mọ èyí tí wọn yóò ṣe fún títà. Ayàwòrán ya gbogbo ara mọ́tò náà tán, ó ku iwájú. Ó ní òun ò rí ojú tó bá a mu. Alámọ̀ ní kó fi ojú sílẹ̀ fún òun. Ó lọ sílé, ó jókòó ti ìyàwó rẹ̀ nídìí tábìlì, ó ń wo ẹnu rẹ̀ bó ṣe ń jẹun.

"Olówó orí mi, ṣé nǹkan lẹ̀ mọ́ mi lẹ́nu ni?"

"Rẹ́rìn-ín díẹ̀."

"Kí ni kí n fi rẹ́rìn-ín? Ẹ ò tíì sọ ohun tó dùn láti àárọ̀."

Ṣùgbọ́n ojú tí ọkọ rẹ̀ ń ṣe pa á lẹ́rìn-ín. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Alámọ̀ gbé ẹ̀rín náà lọ sí ibi iṣẹ́. Ó fi irin funfun méjì gbọọrọ sí iwájú mọ́tò bí eyín, ó fi àlàfo kan sí àárín wọn kí atẹ́gùn lè máa gbabẹ̀ lọ bá ẹ́ńjìnnì. Èjí rèé, kedere.

Ọjọ́ tí wọ́n ṣí aṣọ lórí mọ́tò náà nínú gbọ̀ngàn, àwọn èèyàn gbàgbé láti pa ẹnu dé. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí sókè bí apá àṣá. Gíláàsì ni òrùlé rẹ̀, ó sì sún mọ́lẹ̀ débi pé ológbò nìkan ló lè jókòó nínú rẹ̀ láìtẹrí ba. Táyà rẹ̀ ga dé àyà èèyàn. Kò ní ọwọ́ ilẹ̀kùn, kò ní dígí ẹ̀gbẹ́, kò sì ní ẹ́ńjìnnì. Àwọn géńdé ló tì í wọ gbọ̀ngàn lábẹ́ aṣọ, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ló sì ń bá a bú ramúramù. Ṣùgbọ́n ó tẹ́ẹ́rẹ́, iwájú rẹ̀ gùn bí ọrùn Eléjí, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Eléjí dúró níwájú rẹ̀, ó fi ìka kan ẹnu ara rẹ̀.

"Èmi nìyí," ló wí.

"Ìwọ ni. Bó bá dójú títì, gbogbo ìlú ni yóò máa rí ọ."

"Ẹ búra."

Ó búra. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí Eléjí kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ ń pẹ́ nínú rẹ̀. Ó sọ fún gbogbo àwọn tó ń kọ́ níwakọ̀, ó sọ fún ìyá rẹ̀, ó sì sọ fún àbúrò rẹ̀ obìnrin, ẹni tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ.

"A ó máa retí ẹ níbi tí iná ti ń dá mọ́tò dúró," ni àbúrò wí. "Bí a ò bá rí ẹ, a jẹ́ pé ọkọ ẹ fi ẹnu dídùn gba oúnjẹ alẹ́ ni."

Ọ̀rọ̀ yìí dun Eléjí dé egungun. Ó fi yé ọkọ rẹ̀ pé bí èjí náà kò bá dójú títì, òun yóò gbà pé irọ́ ni gbogbo ohun dídára tó ti ń sọ fún òun láti ìgbà tó ti ń fẹ́ òun, títí kan èyí tó sọ nípa ọrùn.

Wàyí o, mọ́tò àfihàn kì í dé ọjà bó ṣe wà. Ńṣe ló dà bí ẹran tí wọ́n gbé gba àárín àwọn tó ní àwọn kàn fẹ́ tọ́ ọ wò. Òfin kan sì wà ní yàrá amọ̀, níbi tí Alámọ̀ ti tún mọ ọ́n fún títà: ẹni tó bá fẹ́ yọ nǹkan kúrò lára mọ́tò, tàbí kó fi kún un, ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò fi ṣe é lójú Alámọ̀, kí ojú lè tì í. Ojú ò ti ẹnikẹ́ni rí.

Ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ni ọkùnrin tí wọ́n gbà síṣẹ́ kó máa fi mọ́tò kọlu ògiri, láti mọ̀ bóyá ẹni tó wà nínú rẹ̀ á yè é. Fọ́-ó-Wò ni wọ́n ń pè é. Ó yí mọ́tò po, ó ń fi ìka kàn án bí ẹni tó fẹ́ ra ìkòkò.

"Alámọ̀, ilẹ̀kùn tó ń fò yìí, bí mọ́tò bá dojú dé, ibo lèèyàn ó gbà jáde?"

"Kó má dojú dé."

"Mo gbọ́. Àlàfo iwájú yìí ńkọ́? Irin kan ni mo fẹ́ gbé dábùú ibẹ̀."

Alámọ̀ sáré gbé ọ̀bẹ lé e lọ́wọ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kó ilẹ̀kùn méjèèjì lọ, mo fi ta yín lọ́rẹ. Àmọ́ kí irin yín gba abẹ́ kọjá, ẹ má fọwọ́ kan èjí."

Fọ́-ó-Wò kò tíì rí ẹni tó fún un ní nǹkan tó bẹ́ẹ̀ láìjà rí. Ó gé ilẹ̀kùn, ó fi ti mọ́tò lásán rọ́pò rẹ̀, ó di amọ̀ rẹpẹtẹ mọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì nítorí ìkọlù, ó sì ń súfèé lọ. Ìbàdí mọ́tò wá fẹ̀, ọrùn rẹ̀ sì ki.

Ẹni tó tẹ̀ lé e ni ọkùnrin tó ń rí sí i pé mọ́tò kò wọ́n jù. Kí-La-Fẹ́-Fi-Ṣe ni orúkọ ìnagijẹ tirẹ̀.

"Òrùlé gíláàsì. Kí la fẹ́ fi ṣe?"

"Ká lè máa wo ojú ọ̀run."

"Ojú ọ̀run wà níta lọ́fẹ̀ẹ́. Táyà gàgàrà yìí, kí la fẹ́ fi ṣe?"

"Ẹ mú un."

"Àlàfo ẹnu yìí, kí la..."

"Ẹ mú òrùlé pẹ̀lú táyà. Ẹ mú iná ẹ̀yìn tó gùn yẹn náà. Ṣé kí n bá yín dì í ni?"

Bẹ́ẹ̀ ni táyà di pẹ́ńpẹ́, òrùlé di irin. Wọ́n ní bí Kí-La-Fẹ́-Fi-Ṣe ṣe délé, ayọ̀ ṣì ń gùn ún, ó bi ìyàwó rẹ̀ pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ìrọ̀rí kejì ṣe. Orí ilẹ̀ ló sùn.

Lẹ́yìn náà ni Alága fúnra rẹ̀ dé. Wọ́n fi pákó kan àwòṣe inú mọ́tò náà kó lè jókòó wò ó. Alága ga, ó sì sanra, kò sì gbà pé ẹ̀bi tòun ni. Orí rẹ̀ há sábẹ́ òrùlé, wọ́n fà á títí bọ́tìnnì fi ń já. Nígbà tó jáde, inú ń bí i.

"Ẹ gbé òrùlé yìí sókè. Ẹ fún mi ní ẹ̀yìn tó lè gba ẹrù. Ẹ sì pa ẹnu yìí dé, mi ò fẹ́ mọ́tò tó ń fi mí rẹ́rìn-ín."

Alámọ̀ kúnlẹ̀ sínú èérún amọ̀. "Ọ̀gá, ẹ gbé òrùlé ga dé ibi tó bá wù yín. Ẹ̀yìn, ẹ jẹ́ kó yọ dé ojúlé kejì. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi ló wà lẹ́nu yẹn. Bí ẹ bá pa á dé, ibo ni kí n wọlé sí?"

Alága náà láya nílé. Ó rọra bi í pé, "Obìnrin ọ̀hún, ṣé ó le?"

"Ó ń kọ́ èèyàn níwakọ̀, ọ̀gá."

"Ẹ fi èjí sílẹ̀," ni Alága wí.

Bí mọ́tò náà ṣe dójú títì nìyẹn, tòun ti èjí rẹ̀ ní pípé. Alámọ̀ wa ọ̀kan wálé, ó fọn fèrè lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ṣẹ́gun. Eléjí jáde, àbúrò rẹ̀ tẹ̀ lé e, ìyá wọn ń bọ̀ lẹ́yìn. Eléjí wo iwájú, ó rẹ́rìn-ín. Ó wo ẹ̀gbẹ́, ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Mọ́tò náà kúrú, ó fẹ̀, ó ki lọ́rùn, ẹ̀yìn rẹ̀ yọ gbọ̀ngbọ̀, táyà rẹ̀ sì kéré lábẹ́ rẹ̀ bí ẹsẹ̀ ọmọ ọwọ́.

"Olówó orí mi, ta nìyí?"

"Ìwọ ni. Ṣé o ò rí èjí?"

"Mo rí èjí. Ìdí yìí ni mò ń bi yín. Ọrùn mi dà?"

Àbúrò ti dì mọ́ òpó, ẹ̀rín kò jẹ́ kó lè dúró. Ìgbà yẹn ni ìyá Eléjí ya àwọn ọmọ rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, tó wá dúró níwájú mọ́tò. Obìnrin kúkúrú ni màmá, ó sanra dáadáa, ọrùn rẹ̀ kò yọ síta, ọ̀dọ̀ rẹ̀ gan-an ni Eléjí sì ti jogún èjí. Ó fi ọwọ́ lé ìbàdí. Òun àti mọ́tò wo ara wọn, kò sẹ́ni tó mọ èyí tó máa kọ́kọ́ fọn fèrè.

"Àna mi," ni màmá wí, omi sì lé ròrò lójú rẹ̀, "láti ìgbà tí mo ti sanra, kò sẹ́ni tó wò mí lẹ́ẹ̀mejì mọ́. Ìwọ wá fi mí sójú títì. Wàá jèrè ọmọ."

Eléjí wo ìyá rẹ̀, ó wo mọ́tò. Bó bá ní mọ́tò yìí kò dáa, ìyá tó bí i ló bú. Ó gbé e mì, ó fa etí ọkọ rẹ̀ sún mọ́ ẹnu.

"Ẹ jẹ́ kí ti Màámi lọ báyìí. Ṣùgbọ́n tèmi ṣì wà lọ́rùn yín."

Alámọ̀ ti padà sídìí amọ̀. Ọrùn ló kọ́kọ́ mọ lọ́tẹ̀ yìí, ó sì ti ń ronú ohun tí yóò fún Fọ́-ó-Wò kó má bàa gé e.

Ẹni tó bá ní mo parọ́, Fọ́-ó-Wò wà láàyè, ara rẹ̀ le koko, ẹ lọ bi í. Kìkì pé kí ẹ má bi í níwájú ìyá Eléjí, nítorí ọjọ́ tí màmá gbọ́ pé ó fẹ́ fi ọ̀kan nínú mọ́tò náà kọlu ògiri, òun fúnra rẹ̀ ló lọ dúró níwájú ògiri ọ̀hún.