Ewì Tí Bàbá Káfíńtà Kọ sí Ìyàwó Rẹ̀

Bí òórùn èéfín jẹnẹrétọ̀ àti ti íǹkì gbígbóná bá dà pọ̀ nímú mi, Ìfọ̀ ni ọkàn mi ń lọ. Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan wà níbẹ̀, létí títì tó lọ sí Abẹ́òkúta, kò jìnnà sọ́jà, níbi tí mo ti ń bá ọ̀gá mi tẹ̀wé láwọn ọdún tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tó wa lọ́wọ́. Ìwé ètò ìsìnkú ló ń bọ́ wa jù. Fọ́tò olóògbé á wà níwájú, ètò ìsìn á wà láàárín, ewì ìdágbére á wà lẹ́yìn. Ewì ọ̀hún, mẹ́ta péré la ní nínú kọ̀ǹpútà: ọ̀kan fún ìyá, ọ̀kan fún bàbá, ọ̀kan fún ẹni tí ikú pa ní rèwerèwe. Orúkọ nìkan la máa ń pààrọ̀. Bí gbogbo òkú agbègbè yẹn ṣe di igi ńlá tó wó nínú igbó nìyẹn, tí wọ́n di erin tó sùn tí kò dìde mọ́, kò sì sẹ́ni tó bá wa jà. Àní àwọn oníbàárà máa ń yìn mí pé mo gbọ́ Yorùbá jinlẹ̀, orí mi á sì máa wú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bàbá káfíńtà kan wá láti Òkè-Aró. Ìyàwó rẹ̀ ló ṣaláìsí. Nígbà tí mo kúnlẹ̀ kí i tán, ó yọ bébà kan nínú àpò, èyí tí wọ́n fà ya nínú ìwé ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Ìkọ̀wé pẹ́ńsù kún un fọ́fọ́, eruku igi ṣì wà níbi tó ti ṣẹ́ ẹ po.

"Ọmọ mi, èmi ni mo kọ ọ́," ó ní. "Ibi iṣẹ́ ni mo wà nígbà tó kú, mi ò dágbére fún un. Èyí ni màá kà fún un lójú sàréè. Bó ṣe wà yẹn ni kó o ṣe tẹ̀ ẹ́ o."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, bàbá," mo dá a lóhùn.

Ó lọ tán, mo ka bébà náà. Díẹ̀ tó kù lórí mi nìyí:

Ata tó o sá sórí páànù ti gbẹ.
Òjò ṣú, mo sáré jáde,
Mo kó ata wọlé, mi ò rí ọ.
O ní mò ń hanrun jù.
Ta ni yóò fi ìgbọ̀nwọ́ gbún mi báyìí?

Ó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó tó ìlà mẹ́wàá sí i. Mo rẹ́rìn-ín. Ata? Híhanrun? Lójú pásítọ̀ àti gbogbo àna? Mo ní bàbá yìí fẹ́ dójú ti ara rẹ̀. Kì í ṣe ìkà ló mú mi ṣe é o, ọ̀rẹ́ mi, àánú rẹ̀ ló ṣe mí, ìyẹn ló sì ń dùn mí jù. Mo fa ewì ìyá yọ nínú kọ̀ǹpútà, mo pààrọ̀ orúkọ, mo fi "olólùfẹ́ mi ọ̀wọ́n" ṣáájú rẹ̀. Ó yẹ ká fi han bàbá ká tó tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n iná ò dúró, ọjọ́ sì ti ń lọ. Bébà rẹ̀, mo fi nu íǹkì tó dà sára ẹ̀rọ, ó sì bá pàǹtí ṣọ́ọ̀bù wọ iná.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú, èmi fúnra mi ni mo gbé páálí ìwé náà lọ sí Òkè-Aró. Ká má parọ́, mo fẹ́ gbọ́ bí wọ́n ṣe máa yìn ín. Wọ́n gbé pósí sínú ilẹ̀, wọ́n pe bàbá. Ó fi awò sójú, ó ṣí ẹ̀yìn ìwé. Ó wò ó títí. Ó ṣí ojú ewé iwájú, ó tún padà sẹ́yìn, ó yí i wò bóyá tẹlòmíràn ni wọ́n gbé fún òun.

"Igi ńlá wó nínú igbó," ó kà, ó sì dúró. "Èyí kọ́. Èyí kọ́ ni tèmi."

Ó gbìyànjú láti sọ tirẹ̀ lórí. Ó bẹ̀rẹ̀ ìlà àkọ́kọ́, èyí tó kù ò wá mọ́. Pásítọ̀ dì í mú léjìká.

"Ó tó, bàbá, ẹ má sunkún mọ́."

Wọ́n rò pé ẹkún ló dí i lọ́nà. Àwọn tó gbẹ́ sàréè bẹ̀rẹ̀ sí í da yẹ̀pẹ̀ sí i, bàbá sì ń ṣí ìwé kiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Nínú gbogbo èrò yẹn, èmi nìkan ló mọ ohun tó ń wá. Ojú tì mí débi pé mi ò lè wo ọ̀kánkán rẹ̀, mo sì sá lọ láì kí ẹnikẹ́ni.

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kí n tó lè padà lọ. Mo ti tẹ ìlà márààrún tí mo rántí sórí bébà tó dáa. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, títí kan ti iná. Ó kà á tán.

"Ó kù," ó ní.

"Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ẹ tún un kọ. Bó ṣe wà gẹ́lẹ́ ni màá ṣe tẹ̀ ẹ́."

Ó mi orí. "Mo ti dárí jì ọ́, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwọ ni mo kọ ọ́ sí."

Mo fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ kí ọdún tó yí. Mowé ni mò ń gbé báyìí, mò ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Yorùbá, mi ò sì jẹ́ fi ẹnu tẹ́ńbẹ́lú ohun tí ọmọ bá kọ nípa ìyá rẹ̀ tàbí ewúrẹ́ ilé wọn. Èrò mi nígbà náà ni pé ká tó pe ọ̀rọ̀ léwì, ó gbọ́dọ̀ ga débi tí gbogbo èrò á fi pàtẹ́wọ́ sí i. Bàbá ò wá àtẹ́wọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń bá sọ̀rọ̀, nípa ohun tí àwọn méjèèjì jọ mọ̀. Obìnrin yẹn nìkan ló lè sọ bóyá ewì náà dùn, a sì sin ín kó tó gbọ́ ọ.