Ọ̀sẹ̀ Mọ́kànlá Tí N Kò Dán Ẹ̀rọ Kejì Wò

Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá gbáko ni mo fi kọ ọ́ sínú ìwé ìjọba pé mo ti dán ẹ̀rọ kejì wò, pé ó ṣiṣẹ́ dáadáa, nígbà tó jẹ́ pé n kò dán nǹkan kan wò. Ẹ̀rù ló bà mí. Kì í ṣe pé mo ya ọ̀lẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni mo máa ń gbá ilé ẹ̀rọ náà, mo sì máa ń nu àwọn ẹ̀rọ ọ̀hún láti iwájú, níbi tí kò ti sí wáyà. Ẹ̀yìn wọn ni n kì í dé.

Ìparí àwọn ọdún 1980 ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ilé ẹ̀rọ tẹlifóònù kékeré kan wà lórí òkè lẹ́yìn ìlú Ọ̀yọ́. Òun ló ń gba ọ̀rọ̀ àwọn ará Ọ̀yọ́, tó sì ń jù ú sójú ọ̀run lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ láìsí wáyà láàárín. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mo sì fi ọdún kan kọ́ iṣẹ́ iná. Ìyẹn ni wọ́n fi gbà mí síbẹ̀ pé kí n máa tọ́jú ẹ̀rọ. Wọn kò tí ì fìdí iṣẹ́ mi múlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tí wọn kò bá tí ì fìdí iṣẹ́ rẹ̀ múlẹ̀, lẹ́tà kan ṣoṣo ti tó láti dá a padà sílé.

Ẹ̀rọ méjì ló wà nínú ilé náà, wọ́n jọra, wọ́n dúró ti ara wọn. Ọ̀kan ń ṣiṣẹ́, èkejì ń ṣọ́ ọ. Èkejì yìí kì í sùn. Iná wà nínú rẹ̀, ara rẹ̀ gbóná, ojú èkíní ló ń wò, kó lè jẹ́ pé bí ìyẹn bá dákẹ́, òun á gbé ọ̀rọ̀ náà kí ẹni tó ń sọ ọ́ tó parí gbólóhùn rẹ̀. Àwa òṣìṣẹ́ ń pe èyí tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìyálé, a ń pe èkejì ní Ìyàwó. Díákónì tó ń tọ́jú ilé ẹ̀rọ ẹlẹgbẹ́ tiwa ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò fara mọ́ orúkọ yìí rárá.

"Àbúrò, ilé wo lo ti rí i," ló bi mí, "tí ìyálé ń ṣiṣẹ́, tí ìyàwó wá káwọ́ gbera?"

N kò tí ì fojú kan baba náà rí. Ohùn rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀, ohùn báàsì tó fi ń kọrin nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi wọn, tó fi jẹ́ pé bó bá kí mi lórí tẹlifóònù, bí ẹni pé àga tí mo jókòó lé ń gbọ̀n ni.

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé wa lọ́wọ́ kò le. Ní gbogbo àárọ̀ Jímọ̀, kí ọjà Akẹ̀sán tó kún, kí àwọn oníṣòwò tó bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn oníbàárà wọn, mo gbọ́dọ̀ pe Díákónì, kí n sọ fún un pé mo fẹ́ yí iṣẹ́ padà, kí n wá lọ sẹ́yìn ẹ̀rọ, kí n tẹ bọ́tìnnì tí yóò pa Ìyálé lẹ́nu mọ́, kí Ìyàwó sì gbé iṣẹ́ fún wákàtí kan. Láìṣe bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ bóyá ẹ̀rọ tó kàn jókòó lè dìde lọ́jọ́ tí wọ́n bá nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ọ̀gá wa tẹ bọ́tìnnì yẹn láti fi hàn mí, nǹkan dún pá nínú ẹ̀rọ, kí n sì tó mọ̀, mo ti wà níta, fìlà mi ṣì wà nínú ilé. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi pé, bí mo bá tẹ̀ ẹ́ tí Ìyàwó kò dìde ńkọ́? Gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́ á dákẹ́, wọ́n á ní èmi ni.

Ohun tó wá mú kí irọ́ náà rọrùn ni pé bí ìdánwò yẹn bá lọ déédéé, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa gbọ́. Ọ̀rọ̀ á kàn máa lọ bó ṣe ń lọ tẹ́lẹ̀ ni. Nítorí náà mo máa ń pe Díákónì.

"Ẹ kú àárọ̀, sà. Mo ti yí i."

"Ó dáa. Mo ń gbọ́ ẹ ketekete."

"Ìyàwó nìyẹn, sà."

"Ó mà mọṣẹ́ o."

Ìyálé ló ń sọ̀rọ̀.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá yìí ni ọ̀gá wa wá láti Ìbàdàn, nítorí ohùn àwọn ẹlòmíràn ń wọ inú tiwa. Mo ju ọ̀gá náà lọ lọ́jọ́ orí dáadáa. Èmi ń sọ ẹ fún un nítorí ipò, òun ń sọ ẹ fún mi nítorí irun funfun mi. Ó yí nọ́ńbà tí Ìyálé fi ń sọ̀rọ̀ kúrò lórí méjì sí mẹ́rin, wọ́n sì yí méjèèjì ti Ògbómọ̀ṣọ́ sí mẹ́rin. Òjò ti ṣú, ó fẹ́ tètè bọ́ sọ́nà.

"Bí ẹ bá ń yí iṣẹ́ padà ní Jímọ̀," ó ní, "kí ẹ yí ti èkejì náà sí mẹ́rin. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ bára dọ́gba."

Mo ní kó má ṣèyọnu.

Ìgbà tí lẹ́tà dé ni èmi wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣèyọnu. Ọ̀gá ń bọ̀ ní Túsìdé, yóò dán ẹ̀rọ méjèèjì wò, yóò sì sọ bóyá kí wọ́n fìdí iṣẹ́ mi múlẹ̀ tàbí kí n máa lọ. Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, mo wọ bàtà òjò, mo gun orí pákó kí iná má bàa gbé mi, mo mú igi gígùn kan lọ́wọ́ láti fi tẹ bọ́tìnnì náà. Ibẹ̀ ni ìyàwó mi bá mi. Ó gbé oúnjẹ wá kó tó lọ sídìí òwú àti bọ́tìnnì tó ń tà ní Akẹ̀sán.

"Baálé mi, ṣé ejò wọlé ni?"

"Ẹ̀rọ ni mo fẹ́ tẹ̀."

"Ẹ̀rọ tí ẹ ní ẹ ń tẹ̀ ní gbogbo Jímọ̀?"

Mo tún igi náà mú dáadáa.

"Ẹ jẹ́ n gbàdúrà sí i," ó ní. Aláṣọ funfun ni, àdúrà kì í pẹ́ dé ẹnu rẹ̀.

"Dúró sẹ́nu ọ̀nà ná. Bí mo bá ṣubú, kí o fa ẹsẹ̀ mi jáde."

"Bàtà yẹn ló máa bọ́ sí mi lọ́wọ́."

Mo pe Díákónì pé mo fẹ́ yí i. Ó ní ṣé Mọ́ńdè náà ti di Jímọ̀ ni. Mo na igi, mo dijú, mo tẹ̀ ẹ́. Ó dún pá. Iná Ìyálé kú, ti Ìyàwó tàn, mo sì rẹ́rìn-ín. Mo gbé tẹlifóònù sétí, mo pe Díákónì. Kò sóhùn. Ó dákẹ́ bí ilé tí wọ́n ti kó kúrò nínú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni igi yẹ̀ lára bọ́tìnnì kí n tó rí Ìyálé dá padà.

Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni Díákónì pè. "Àbúrò, kí ló dé? Ìyá kan ń bá ọmọ ẹ̀ sọ̀rọ̀ níbí, ọ̀rọ̀ gé mọ́ ọn lẹ́nu. Èmi ló ń bú."

"Ìyàwó ni kò gbé e, sà."

"Ìyàwó tó gbé e ní Jímọ̀?"

Mo wo ìyàwó mi, òun náà wò mí. "Mi ò yí i rí, sà. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá rèé."

Nígbà tí Díákónì máa fèsì, báàsì yẹn ti lọ sílẹ̀ pátápátá. "Mẹ́rìnlá ni tèmi."

"Ẹ̀yin, Díákónì?"

"Má pariwo. Ṣé ìwọ ò gbọ́ bó ṣe ń dún ni?"

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí pákó mi. Èmi lọ wo iwájú àwọn ẹ̀rọ náà. Mẹ́rin ló wà lójú Ìyálé, méjì ló wà lójú Ìyàwó. Ojoojúmọ́ ni mo ń nu nọ́ńbà méjì yẹn tí ó ń dán. Ìyàwó ti dìde lóòótọ́, ó sì ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n orí méjì ló ti ń sọ ọ́ nígbà tí gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́ ń gbọ́ lórí mẹ́rin. Mo yí i sí mẹ́rin, mo tún tẹ̀ ẹ́.

"Mo ń gbọ́ ẹ," ni Díákónì wí. "Ṣé òun ni lóòótọ́ báyìí?"

"Ìyálé ti dákẹ́ pátápátá níbí, sà."

Òun náà lọ tẹ tiẹ̀. Mo gbọ́ pá láti Ògbómọ̀ṣọ́, mo tún gbọ́ tí ó mí kanlẹ̀. Tiwọn gbé e.

Ó wá ku ìwé. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ni ká kọ. Ó ní òun ti kọ tòun bó ṣe rí. Nítorí náà mo kọ ọ́: mo dán an wò, kò gbé e, nọ́ńbà rẹ̀ kò bá ti èkíní mu. Mo yí i sí mẹ́rin, ó sì gbé e.

Ọ̀gá dé ní Túsìdé. Ó ní kí n máa bá Díákónì sọ̀rọ̀, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ yọ iná Ìyálé láìsọ fún mi. Díákónì ń ròyìn òjò ọ̀dọ̀ wọn, kò tilẹ̀ dánu dúró. Ọ̀gá jókòó, ó ṣí ìwé, ó kà á láti òkè.

"Yíǹkì kan náà, wákàtí kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà, ìgbà mọ́kànlá," ó ní. "Ṣé ẹ dán an wò?"

"Rárá, sà."

"Kí ló dé?"

"Ẹ̀rù bà mí, sà. Ó máa ń dún."

Ó ka ìlà ti Mọ́ńdè, ó tún un kà. Mo ti ń ro ohun tí n óò sọ fún ìyàwó mi.

"Ẹ̀rọ ò lè sọ fún mi ní Ìbàdàn pé òun ò dìde, àfi kí ẹnì kan kọ ọ́," ó ní. "Nínú gbogbo ìwé yìí, ìlà ti àná nìkan ni mo gbà gbọ́, nítorí rẹ̀ ni mo sì ṣe máa fọwọ́ sí iṣẹ́ yín. Ẹ lọ mú fáìlì yín wá."