Ìdọ̀bálẹ̀ Lórí Òkè Rochdale

Ohùn tí bíríṣì oníke máa ń ṣe lábẹ́ pátákó kò tíì kúrò létí mi: ṣààà, bí ẹni ń fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá símẹ́ńtì. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni. Mo ń kàwé ní yunifásítì, mo sì ń gbé ní Hulme nílùú òyìnbó nígbà tí wọ́n ń wó àwọn ilé ńláńlá ibẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan, òyìnbó ọmọ Bury tí a jọ wà ní kíláàsì, ló mú mi lọ sí òkè kan lẹ́yìn Rochdale tí wọ́n tẹ́ bíríṣì sí látòkè délẹ̀, kí àwọn tí kò rí yìnyín lè rí nǹkan yọ̀ lé lórí. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ de ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́ pátákó tí wọ́n ń pè ní snowboard. Mo ṣubú títí ìdí mi fi bó, síbẹ̀ inú mi dùn bí ẹni tó gbégbá orókè.

Bàbá mi ni wàhálà ibẹ̀. Dókítà egungun ni nílé ìwòsàn kan ní Bury, òun ló sì ń to egungun àwọn tó lọ ṣeré lórí yìnyín. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo dárúkọ snowboard nílé, ṣe ló gbé ṣíbí kalẹ̀.

"Ọmọ tí mo fi gbogbo ayé mi tọ́, kó lọ so ara ẹ̀ mọ́ plank? Over my dead body!"

Láti ọjọ́ náà, tó bá bi mí pé ibo ni mo lọ ní Sátidé, library ni. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò pé oṣù mẹ́ta.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí èmi àti ọ̀rẹ́ mi lọ sí Scotland, níbi tí màá ti yọ̀ lórí yìnyín gidi fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo mọ̀ pé bí Dádì bá gbọ́, ìrìn àjò parí nìyẹn. Láàárọ̀ Sátidé yẹn òjò ti rọ̀, bíríṣì ń dán. Mo dúró sókè pátápátá, ẹsẹ̀ mi wà nínú ìdè, ni mo bá rí ọkùnrin kan nísàlẹ̀ tó wọ kóòtù dúdú gígùn, tó káwọ́ sẹ́yìn, tó ń wò mí. Dádì ni. Ẹnìkan ní ṣọ́ọ̀ṣì ti rí èmi àti pátákó nínú bọ́ọ̀sì Rochdale.

Ẹ̀kọ́ ilé kò dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ ọpọlọ mi. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo gbàgbé pé orí òkè ni mo wà! Bí àyà mi ṣe kan bíríṣì báyìí, mo gbéra, orí níwájú, pátákó lẹ́yìn, mò ń pariwo "Ẹ káàárọ̀, sà!" títí mo fi dúró síwájú bàtà rẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó tẹ ejìká mi wò, ó tẹ ọrùn ọwọ́ mi wò. Nígbà tó rí i pé ohunkóhun kò ṣẹ́, ẹ̀rín gbé e. Mi ò rí i kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí.

"Dìde. Látìgbà tí mo ti bí ẹ, o ò tíì kí mi tó báyìí rí. Ta ló ń gbé yín lọ sí Scotland?"

Ṣé ó ti gbọ́ ìyẹn náà ni? "Bọ́ọ̀sì coach ni, sà."

"Which coach? Èmi ni màá gbé yín lọ. If you break anything, I must be there."

Ó di àṣà wa. Bí Fébúárì bá ti dé, a ó kó pátákó sẹ́yìn mọ́tò, ọ̀rẹ́ mi á gbé kúlà jọ̀lọ́ọ̀fù lé ẹsẹ̀, ó di Scotland. Dádì á jókòó nínú kaféè, á máa wò mí láti ojú fèrèsé, tíì á sì tutù níwájú rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an láwọn ọjọ́ yẹn, mi ò kàn mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni. Ó ṣèlérí pé bí òun bá fẹ̀yìn tì, màá kọ́ òun, a ó sì jọ lọ sí Switzerland. Lọ́dún tó fẹ̀yìn tì, mo ra pátákó fún un, àmọ́ ìgbáròkó dókítà egungun fúnra rẹ̀ ti kọ̀ṣẹ́.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Èmi náà ti lé ní àádọ́ta ọdún, ọ̀nà méjèèjì ni mò ń wò. Pátákó Dádì ṣì wà nílé rẹ̀ ní Bury. Bí a bá ní kó fi ta ẹnìkan lọ́rẹ, á ní kí wá ni òun máa gbé lọ sí Switzerland? Ní Sátidé tó kọjá, ó ní kí n gbé e sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ó gùn ún tòun ti ìbọ̀sẹ̀, ó di ejìká mi mú.

"Ẹ tẹ orúnkún, Dádì."

Ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. "Next year, àbí?"

"Next year, sà."

Ó tún tẹ̀ ẹ́ sí i. "If I break anything..."

"Mo wà ńbí, sà."