Ìrẹsì Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì

Nígbà tí ìjọba ti bọ́dà pa, àpò ìrẹsì mẹ́rin ló wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, nínú ilé tí àwa méjèèjì jọ ń gbé ní Ìlaró. Ìrẹsì Kùtọnu ni, ọ̀nà Ìfọ̀nyìntẹ̀dó ló gbà wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi kó o kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù má baà rí i. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń ṣe.

Kò pẹ́ tí eku fi dé. Ọwọ́ lásán ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń ṣa ìgbẹ́ wọn kúrò, tó ń rẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀yin tẹ́ ò bẹ̀rù kọ́sítọ́ọ̀mù, ẹ ṣáà máa jẹ lọ.”

Lẹ́yìn náà ni ibà mú un. A lo oògùn ibà fún ọjọ́ mẹ́fà. Ní ọjọ́ keje, ó ń rún pákò lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní èrìgì rẹ̀. Kò dá. Mo gbé e lọ sí ọsibítù.

Nọ́ọ̀sì fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní apá rẹ̀, ó ní kí n tẹ òwú mọ́ ojú abẹ́rẹ́ náà. Mo pààrọ̀ òwú náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀jẹ̀ ṣì ń jáde.

Dókítà, ọmọdébìnrin kan báyìí, pè mí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. “Mà, ohun tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára wọn. Inú mùdùnmúdùn egungun ni ara ti ń ṣe é, ó sì dà bíi pé àìsàn yìí ò jẹ́ kí ara rí i ṣe mọ́. Ṣé eku wà nílé yín?”

Ọkùnrin kọ́sítọ́ọ̀mù kan jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́yìn mi nínú yúnífọ́ọ̀mù, ó gbé ọmọ rẹ̀ tó ń ṣàìsàn lé itan.

“Ilé wa mọ́ tónítóní,” ni mo wí. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdáhùn.

Mo padà sí yàrá. Ẹ̀jẹ̀ ti wà nínú funfun ojú ẹ̀gbọ́n mi. Mo sáré padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

“Dókítà, eku wà! Ìrẹsì ló fà wọ́n. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ gan-an ló wà.”

Ọkùnrin náà wò mí. Ó gbé ọmọ rẹ̀ sí itan kejì. “Màmá, ẹ lọ dúró ti èèyàn yín.”

Wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n mi sí yàrá ọ̀tọ̀. Dókítà ní ó jọ ibà Lásà, àwọn ò ní dúró de èsì kí àwọn tó bẹ̀rẹ̀ oògùn. Ó kìlọ̀ pé ẹlòmíràn máa ń yè é, kí etí rẹ̀ sì di. Ẹnu fèrèsé ni mo ń dúró sí lójoojúmọ́. Nọ́ọ̀sì á gbé òwú tó fi nu ẹnu ẹ̀gbọ́n mi sókè kí n rí i. Pupa. Pupa. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó funfun.

Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí n wọlé, mo tẹ̀ sí etí òsì rẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti sọ̀rọ̀ ìrẹsì o. Ẹ má bínú.”

“Kí lo wí? Bọ́ sí apá kejì.”

Mo bọ́ sí apá kejì, mo tún un sọ. Ẹnu mi ló ń wò.